Ìtàn Owó Ìtọ́jú Ọmọ ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

 Nínú ìwé ọdọọdún yìí, a ti máa ń kọ nípa oyè, nípa ọ̀nà, nípa ilé ìwé àti omi ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fẹ́ sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ti Ìkẹjà kì í sábà tú ká kí irú rẹ̀ má yọjú. Nígbà tí a bá ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tán, obìnrin ilé wa kan yóò dìde, yóò ní bàbá àwọn ọmọ òun kò jìnnà, pé ó ń tajà ní Computer Village, ó ń jẹ, ó ń mu, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà rèé tí kò ti fún àwọn ọmọ ní kọ́bọ̀. A ó sì ṣe bí àgbà ti í ṣe: a ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, a ó bá a wí, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ṣe ìlérí. Lẹ́yìn oṣù méjì, obìnrin náà yóò tún dìde.

Èyí ni ó mú wa wádìí. Ta ni ó ń gba owó yìí fún ọmọ láyé àtijọ́? Ta ni ó ń gbà á nísinsìnyí? Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu díẹ̀, nítorí a ti rò pé òfin ni kò sí. Òfin wà, ó sì ti pẹ́ tí ó ti wà. Ẹni tí yóò gba owó náà lọ́wọ́ baba, tí yóò sì rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ni ó ń ṣọ̀wọ́n láti ìran dé ìran.

Nínú agboolé àwọn baba wa, ẹni náà kò ṣòro láti rí. Baálé ni. Ọmọ ń jẹ nínú àká baba rẹ̀. Bí baba bá rìnrìn àjò, àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí baba bá sì ya ọ̀lẹ, baálé yóò pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú yóò sì tì í níwájú gbogbo ilé. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó, ni àwọn àgbà wí. Síbẹ̀, kí a má ṣe yin ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Igba ènìyàn náà ń wo ọmọ nítorí pé ti ìdílé baba ni ọmọ í ṣe. Bí ìyá bá kọ ọkọ, ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú yóò dúró sí ilé baba rẹ̀. Èyí tí ó ṣì ń mu ọmú ni ìyá lè gbé lọ, títí di ọjọ́ tí wọn yóò wá gbà á padà. Ẹnikẹ́ni kì í bi ọmọ léèrè.

Ọkọ̀ ojú irin wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ tú agboolé yìí ká ní ìhà ibi. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Ìddó. Nígbà tí ó fi di 1901 ó ti dé Ìbàdàn, Agége sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn olóko kòkó àti obì, tí J. K. Coker ti Ìfàkò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó wà nílé, ọkọ wà ní Agége, ó sì lè ti fẹ́ òmíràn síbẹ̀. Baálé kò lè pe ẹni tí ó wà ní ìrìn ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí agbára baálé ti ń dínkù ni ti kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ń pọ̀ sí i. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí ewé, owó ìdáná ni ó sì máa ń gba ọ̀rọ̀ jù: èló ni ọkọ ná, èló ni ìyàwó tàbí ẹni tí ó fẹ́ gbà á yóò dá padà. Àtẹ̀yìnwá ni ọmọ ń wọ inú ẹjọ́ náà, bí ẹrù tí a gbàgbé sílé. Bí baba bá wá gba ọmọ tí àwọn àna rẹ̀ ti tọ́, a lè ní kí ó kọ́kọ́ san owó oúnjẹ tí ọmọ náà ti jẹ. Ẹ kíyè sí èyí. Owó ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà ni ó ń san án fún ara wọn lẹ́yìn tí ọmọ ti dàgbà tán. Ọmọ tí ebi ń pa lọ́jọ́ náà gan-an kò rí ohun kan gbà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó fi òrùka gbéyàwó lábẹ́ òfin 1884 ní Èkó ní kọ́ọ̀tù tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, owó lọ́yà kò sì kéré.

Ogun Hitler ni ó mú ẹlòmíràn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Èkó kún fún sójà àti atukọ̀ òkun, àwọn ọmọkùnrin tí a ń pè ní bóma bọ́ì sì ń mú wọn kiri ìgboro lóru. Ní 1941 ìjọba gbé Donald Faulkner, òyìnbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé àtúnṣe àwọn ọ̀dọ́ ní Ìlú Ọba, dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ni a dá ọ́fíìsì Wẹ́fíà sílẹ̀ ní Èkó, òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì jáde ní 1943. Nígbà tí ogun parí, Alison Izzett, òyìnbó obìnrin, dé láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ wọn fi ré kọjá ọmọ tí ń sùn níta, tí ó di ti ìyá àti baba tí wọn kò gbé pọ̀ mọ́. Báyìí ni orúkọ ọ́fíìsì ṣe di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin Èkó: "N ó gbé ọ lọ sí Wẹ́fíà!" Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò bẹ̀rù adájọ́ ni ó bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ní Wẹ́fíà, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ni kì í ṣe ta ni ó ni ọmọ. Ibo ni ọmọ sùn ní àná ni.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà láàrín Èkó àti Ìkẹjà nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ wa ti òde òní kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Láti 1954 ni Èkó ti di ilẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀, nígbà tí Ìkẹjà, Agége àti Mushin wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú fún. Ọkọ lè máa gbé ní Ìkẹjà kí ìyàwó àti ọmọ máa gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ó sì jẹ́ pé òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lórí àwọn méjèèjì. Ìhà ti Ìwọ̀ Oòrùn yìí ni ohun tí a kà sí pàtàkì jù nínú ìtàn yìí gbé ṣẹlẹ̀. Òfin kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ṣe ní 1957 sọ pé nínú ẹjọ́ ìtọ́jú ọmọ, ire àti àlàáfíà ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ rò, kí ó sì fi ṣáájú ohun gbogbo. Ní 1958, ìjọba tún gbé ìlànà kan jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, tí káńsù kọ̀ọ̀kan lè gbà wọlé kí ó sì sọ di òfin ìlú tirẹ̀.

Gbólóhùn kúkúrú ni ti 1957 yẹn, ṣùgbọ́n ó yí ìjókòó padà. Títí di ìgbà náà, ìdílé méjì ni ó ń jókòó níwájú adájọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnìkẹta wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti ń sùn. Kì í ṣe gbogbo adájọ́ ni ó gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà tí ó jókòó lórí àga kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ dàgbà sínú àṣà tí ó fi ọmọ fún baba, ó sì gba àkókò kí ọwọ́ wọn tó mọ́ òfin tuntun náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ṣí.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní àkókò náà tí ó ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹni tí ó ṣe é kò sì rò ó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn la ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ńlá sí Ìkẹjà. Guinness wá kọ́ ilé ìpọntí síbẹ̀ ní 1962. Dunlop wá ń ṣe táyà. Cadbury jókòó sí Àgídìngbì. Ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní owó oṣù, owó oṣù náà ní ìwé, ìwé náà sì ní iye. Bí ó bá dé iwájú adájọ́ tí ó ní òun kò ní, wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ilé iṣẹ́. Àwọn ọmọ ìlú wa pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn láti oṣù kìíní ọdún 1955, nítorí náà ẹrù tí baba ní láti gbé kò wúwo bí ti ìsinsìnyí.

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ìlà àárín Èkó àti Ìkẹjà pa rẹ́. Òfin ìgbéyàwó ti 1970 tẹ̀lé e, fún àwọn olórùka: adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga lè pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ títí yóò fi pé ọdún 21, àti lẹ́yìn náà bí ìdí pàtàkì bá wà. Ní 1976 Ìkẹjà di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ìwé owó oṣù tí adájọ́ gbára lé sì ń bá wọn lọ.

A dé Computer Village báyìí. Ẹni tí ó bá mọ òpópónà Otigba ṣáájú 1990 yóò rántí pé ilé gbígbé ni ó wà níbẹ̀, ibi ìdákẹ́jẹ́. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ṣe ni ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà àwọn oníkọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó di 2001 tí fóònù alágbèéká dé, ọjà náà ya bo Ola Ayeni, Pepple àti Medical Road, débi pé ilé tí ènìyàn ń gbé di ohun àwárí níbẹ̀. Ọjà ńlá ni, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa ró. A kò sọ ọ̀rọ̀ yìí láti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí owó ti ń rìn níbẹ̀. Ẹnìkan yá ṣọ́ọ̀bù, ẹni mẹ́ta ń pín in lò. Ọjà orí àtẹ kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbà á ní àwìn lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, yóò dá owó rẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì mú èrè tirẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní ṣọ́ọ̀bù rárá, abẹ́ agbòòrùn ni ó ti ń pààrọ̀ ojú fóònù tí ó fọ́. Lọ́jọ́ kan ó lè mú owó ọ̀sẹ̀ kan lọ sílé. Lọ́jọ́ mẹ́ta ó lè má rí owó ọkọ̀. Owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lè gba inú àkáǹtì ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n wọlé. Ìjọba sì ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí Katangowa ní Agége, nítorí náà àdírẹ́sì pàápàá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Irú ọkùnrin yìí ni òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà ní láti bi pé, "Èló ni o ń rí lóṣù?" Ẹ̀rín a máa pa wá nígbà tí a bá gbọ́ ìdáhùn wọn. Ọjà kò tà. Dọ́là ti gbówó lórí. Ọmọ iṣẹ́ ti kó ọjà sá lọ. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì kò sì ní ìwé kankan tí yóò fi mọ ọjọ́ tí ó jẹ́ òótọ́ àti ọjọ́ tí ó jẹ́ irọ́.

Òfin, bí a ti wí, kò dẹ́kun àtidàgbà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipò ìbí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó ní òun kò san owó ìdáná lórí ìyá kò ní ibi ìsádi mọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìjọba Àpapọ̀ jáde ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ti Ìjọba Àpapọ̀, ní abala 14, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ níwọ̀n bí agbára wọn bá ti mọ, àti pé ọmọ fúnra rẹ̀ lè gba kọ́ọ̀tù ìdílé lọ láti béèrè rẹ̀. Bí baba bá ní ọmọ kì í ṣe tòun, kọ́ọ̀tù lè pàṣẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó láti ọjọ́ tí ọmọ jẹ́ ẹrù nínú ẹjọ́ owó ìdáná!

Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkẹjà kò jìnnà sí ọjà náà, ilé ẹjọ́ gíga ti Ìkẹjà náà kò jìnnà. Láàrín ọjà àti ilé ẹjọ́ ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà wà. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe adájọ́. Ìyá yóò wá, yóò rojọ́, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. A ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí baba. Bí ó bá dé, a ó jókòó lórí iye tí yóò máa mú wá, yóò sì fọwọ́ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, owó náà fúnra rẹ̀ ń gba orí tábìlì Wẹ́fíà kọjá: baba á san án, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ìyá á wá gbà á, á fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ìwé ńlá náà jẹ́ ẹ̀rí. Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá tààrà, ó yá, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ìyá tọ́jú ẹ̀rí fúnra rẹ̀.

Àgbà òṣìṣẹ́ kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ̀ fún wa. Ó ní òun kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí baba ń rí. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni òun ti ń bẹ̀rẹ̀. Èló ni owó ilé ìwé? Èló ni oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan? Ṣé ọmọ náà ń lo oògùn? Nígbà tí iye yẹn bá wà lórí bébà, òun yóò yí i sí baba, òun yóò ní kí ó fi ìka tọ́ èyí tí ọmọ lè ṣe aláìní. A rí i pé gbólóhùn 1957 náà ni ọkùnrin yìí ń mú lò, bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà mọ irú òṣìṣẹ́ yìí dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Láti 1975 ni òfin ti gbé ọ́fíìsì owó ìtọ́jú ọmọ kalẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀, ó sì lágbára tí tiwa kò ní: a lè yọ owó náà nínú owó iṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ baba, ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá sì ju $2,500 lọ kò ní rí ìwé ìrìnnà gbà. Ní Ìlú Ọba, ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ń yọ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kan, 16 fún méjì, 19 fún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibẹ̀ pé pérépéré o. Àjọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní 1993 jẹ́ kí gbèsè tí a kò rí gbà ga tó bẹ́ẹ̀ tí Sir David Henshaw fi dámọ̀ràn ní 2006 pé kí a tú u ká. Láti 2012 ni òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Níbi tí ìwé owó oṣù bá wà, iṣẹ́ wọn ń lọ. Bí baba bá jẹ́ ẹni tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, àwọn náà a máa ké bí tiwa.

Ohun kan wà tí àwọn ìyá nílé kò mọ̀. Òfin kan tí ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1920 lórí owó ìtọ́jú kan Nàìjíríà pẹ̀lú: àṣẹ tí kọ́ọ̀tù bá pa níhìn-ín lè gba ọ̀nà ìjọba dé Ìlú Ọba kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a bá sì pa níbẹ̀ lè dé ìhín. Ọ̀nà náà gùn, ìwé rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàgbọ́ pé òkun ti ya òun àti ọmọ òun nípá, kí ó tún un rò.

Owó lọ́yà kò yẹ kí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti 1999 ni Citizens' Mediation Centre ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó fún ìlàjà, láti 2000 sì ni Office of the Public Defender ti wà fún ẹni tí kò lè gba lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Kí ìyá mú ìwé ìbí ọmọ lọ́wọ́, ìwé owó ilé ìwé, àti àkọsílẹ̀ ohun tí baba ti san rí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kí ó mọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù baba, tàbí orúkọ ẹni tí baba ń bá pín ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti obìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, a kò tún ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀ sí ìpàdé. Àwọn méjì nínú wa bá a lọ sí Wẹ́fíà. Ọkùnrin náà jẹ́ ìpè ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó fọwọ́ sí iye tí wọ́n jọ sọ. Ó ti san án ní oṣù mẹ́ta léraléra. Ti oṣù kẹrin kò tí ì dé bí a ti ń kọ ìwé yìí. Ìwé ìpè mìíràn ti jáde.